Ohùn Ará Carna: Ìgbésí Ayé Seosamh Ó hÉanaí

Ní nǹkan bí ọdún 1970, ní ẹnu ọ̀nà ilé gogoro kan tí ó kọjú sí ọgbà Central Park ní ìlú Nìú Yọ́ọ̀kì, níbi tí àwọn ọlọ́lá àti àwọn gbajúmọ̀ ń gbé, adènà kan wà tí ń ṣílẹ̀kùn fún onílé àti àlejò, tí ń kí wọn kú àbọ̀, tí ó sì ń darí ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn lọ sókè ilé. Ẹni tí ó bá gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá lọ síbi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ kò lè mọ̀, àfi bí ẹnìkan bá ta á lólobó, pé ọkùnrin tí ó wọ aṣọ iṣẹ́ yìí ni àwọn tí ó mọ orin dunjú kà sí ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn akọrin àtayébáyé tí ilẹ̀ Áyálándì bí ní ọ̀rúndún ogún, pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún orin ni ó wà ní ikùn rẹ̀ tí kò ní láti wo ìwé kí ó tó kọ ọ́, àti pé àwọn olórin tí wọ́n ti gba orúkọ lágbàáyé ti jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rí láti kọ́ ọgbọ́n. Seosamh Ó hÉanaí ni orúkọ rẹ̀ ní èdè àwọn baba rẹ̀. Joe Heaney ni àwọn tí kò gbọ́ èdè náà ń pè é. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, n kò sì rí bí mo ṣe lè sọ ọ́ tí n kò ní sọ ìtàn èdè kan tí ó dé bèbè ikú, àti ti àwọn tálákà tí wọ́n fi orin dì í mú.

Ọjọ́ kìíní oṣù October ọdún 1919 ni a bí i ní An Aird Thoir, abúlé kékeré kan lẹ́bàá Carna, ní ìwọ̀-oòrùn Galway, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Connemara. Ilẹ̀ olókùúta ni Connemara, ilẹ̀ tí òkun Àtìláńtíìkì ti jẹ etí rẹ̀ wọnú, ilẹ̀ tí àgbẹ̀ ní láti ru koríko òkun kúrò létí omi wá sí àárín àpáta kí ọ̀dùnkún tó lè ta níbẹ̀, tí ẹni tí kò bá mọ ọkọ̀ wà kò ní rí ẹja jẹ. Igi ìdáná kò pọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ dúdú inú àbàtà ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń sá títí yóò fi gbẹ, tí wọ́n sì fi ń dáná lálẹ́. Ebi kò ṣàjèjì ní Carna, ikú odò kò ṣàjèjì, bẹ́ẹ̀ ni ẹkún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà kò ṣàjèjì. Síbẹ̀, Ẹlẹ́dàá tí kò fún wọn ní ilẹ̀ ọlọ́ràá kò fi ohùn dù wọ́n. Láti ẹkùn Carna kan náà ni Sorcha Ní Ghuairim ti jáde, obìnrin olóhùn iyebíye tí a bí ní 1911, àti Seán ’ac Dhonncha, ọ̀gbà Seosamh. Kò sì jìnnà sí wọn ni Colm Ó Caodháin ti ń pẹja tí ó sì ń dáko, ẹni tí àwọn akórinjọ gba orin tí ó ju igba lọ lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tí ó mú kí irú ibi òṣì bẹ́ẹ̀ di àká orin kò ṣẹ̀yìn ìpọ́njú. Ilẹ̀ Áyálándì wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ní 1845 ni àrùn kan kọlu ọ̀dùnkún tí àwọn tálákà fi ń bọ́ ara wọn, ìyàn ńlá sì bẹ́ sílẹ̀ tí ó pa nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn láàrin ọdún díẹ̀, tí ó sì lé iye tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ sórí òkun. Àwọn tálákà ìhà ìwọ̀-oòrùn ni ìyàn náà mú jù, àwọn gan-an ni wọ́n sì ń sọ èdè Gaeilge, èdè àbínibí ilẹ̀ náà. Kí ìyàn tó dé ni èdè náà ti ń jìyà ní ilé ẹ̀kọ́: nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ láti 1831, Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ ń sọ, ibi púpọ̀ sì wà tí wọ́n ti ń fi igi kékeré kọ́ ọmọdé lọ́rùn, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé àmì sí i lára nígbàkígbà tí Gaeilge bá jábọ́ lẹ́nu rẹ̀, tí ó sì di pé bí ilẹ̀ bá ṣú, iye àmì ni iye pàṣán. Ohun tí ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn òbí fọwọ́ sí i, wọn kì í sì í ṣe ìkà ènìyàn. Wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi ń dúró de ọmọ wọn, wọ́n sì mọ èdè tí wọn yóò fi bi í ní ìbéèrè níbi tí ó ń lọ. Àwọn tí wọ́n kàwé lọ́dọ̀ àwọn fáda àti àwọn sístà ìjọ Àgùdà ní ilẹ̀ wa láyé ọjọ́un yóò rántí pé ará Áyálándì ni púpọ̀ nínú wọn: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa, ṣùgbọ́n èdè mìíràn ni àwọn baba ńlá wọn fi sunkún, tí wọ́n sì fi kọrin ìfẹ́.

Nígbà tí wọ́n bí Seosamh, èdè náà ti sá lọ sí etíkun, sí àwọn àgbègbè tí wọ́n ń pè ní Gaeltacht. Gaeilge nìkan ni ó gbọ́ títí ó fi wọ ilé ẹ̀kọ́. Pádraig, bàbá rẹ̀, jẹ́ ògbólógbòó akọrin, àwọn ìbátan rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì sì mọ orin, nítorí náà, ilé ni ó ti kó ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ròde. Ní àwọn alẹ́ òtútù, àwọn aládùúgbò a wá sí ilé ẹni tí iná rẹ̀ bá jó dáradára, wọn a yí iná náà ká, àgbà kan a pa ìtàn, òmíràn a sọ bí ẹja ṣe rìn lónìí, títí wọn yóò fi ní kí lágbájá gbé orin kan. Igun ilé ni ọmọ náà ń wà, tí ń gbọ́, tí kò sọ̀rọ̀. Onítìjú ènìyàn ni, ó sì ti tó ọmọ ogún ọdún kí ó tó dìde kọrin lójú àwùjọ. Wọ́n ti kọ́kọ́ rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí yóò ti di olùkọ́, kò parí rẹ̀, ó padà sílé. Ẹ̀kọ́ tí ó parí ni ti ẹ̀gbẹ́ iná.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí irú orin tí à ń wí, nítorí ẹni tí ó bá lọ gbọ́ ọ láìmọ̀ lè rò pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó ti parí. Sean-nós ni wọ́n ń pè é. Kò sí ìlù nídìí rẹ̀, kò sí gìtá, kò sí fèrè, kò sí agberin. Ènìyàn kan ṣoṣo ni, ohùn rẹ̀ nìkan, àti ọ̀rọ̀. Akọrin kì í gbé ohùn sókè kí á lè mọ̀ pé inú ń bí ẹni tí orin sọ nípa rẹ̀, kì í sì í rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láti fi ẹkún hàn. Ibi tí ó ti ń fi ìmọ̀lára hàn ni bí ó ṣe ń lọ́ ohùn náà, tí ń fi ìró kéékèèké méjì mẹ́ta yí ọ̀rọ̀ kan ká, tí ń dá dúró níbi tí a kò retí, tí kò sì ní lọ́ ọ báyìí mọ́ bí ó bá dé ẹsẹ̀ kejì. Àwọn ará Connemara ni wọ́n mọ ohùn lọ́ jù. Ti Donegal ní àríwá máa ń tọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ará gúúsù náà sì ní tiwọn, débi pé agbọ́rin tí etí rẹ̀ là yóò mọ ìlú akọrin kí ó tó dárúkọ. Seosamh máa ń sọ pé ìró kan gbọ́dọ̀ máa lọ lábẹ́lẹ̀ nínú orí akọrin, ìró abẹ́ imú tí ń hùn láìdáwọ́ dúró gẹ́gẹ́ bí ti fèrè alápò, ẹni tí kò bá sì ní i, ohun yòówù tí ó lè kọ, kò tíì kọ sean-nós.

Ọ̀pọ̀ akọrin a dijú, òmíràn a fa fìlà bojú, òmíràn a kọjú sí ògiri, nítorí kì í ṣe ara wọn ni wọ́n fẹ́ kí á wò. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó jókòó nítòsí a na ọwọ́, a di ọwọ́ akọrin mú, a sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ bí orin ti ń lọ, kí àárẹ̀ má bàa mú un, kí ó lè mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ó ru ìbànújẹ́ tí ń bẹ nínú orin náà. Àwọn tó kù a máa fi ọ̀rọ̀ ìwúrí sí i láàrin ẹsẹ̀ orin. Bí ó bá sì kan gbólóhùn ìkẹyìn, akọrin lè má kọ ọ́ mọ́, yóò kàn sọ ọ́ ní ohùn ọ̀rọ̀ lásán, yóò sì dákẹ́. Agbọ́rin ní iṣẹ́ nínú orin yìí, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì kéré.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan ni ìtàn rẹ̀ wà, Seosamh kì í sì í gbà kí á ya ìtàn nípá kúrò lára orin. Ẹ jẹ́ kí n mú Úna Bhán, ọ̀kan nínú àwọn orin ìfẹ́ tí ó gbajúmọ̀ jù ní ilẹ̀ náà. Ìtàn sọ pé Tomás Láidir Mac Coisteala, akíkanjú ọkùnrin kan ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, fẹ́ràn Úna, ọmọ ìjòyè Mac Dhiarmada, ṣùgbọ́n bàbá ọmọbìnrin náà kò fọwọ́ sí i. Àárò ọkùnrin náà dá Úna wó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì fẹ́ bọ́ sórí, wọ́n jẹ́ kí Tomás wá wò ó. Bí ọmọbìnrin náà ti rí i ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yá. Tomás sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ilé, ó ń retí kí wọ́n pè é padà, kò gbọ́ ìpè. Ojú tì í, ó gun ẹṣin, ó sì búra pé bí òun bá rékọjá odò tí ó wà níwájú láìsí ìránṣẹ́, òun kò ní padà mọ́ láéláé. Ó rọra ń lọ. Ó dé inú odò, ó dúró sínú omi pẹ́ títí, ó ń wo ẹ̀yìn. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń sọ fún un pé ìwọ̀sí ni kí ọkùnrin bí i tirẹ̀ dúró sínú omi nítorí àwọn tí kò kà á sí. Ó gòkè odò. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ ẹṣin rẹ̀ kan ilẹ̀ gbígbẹ ni ìránṣẹ́ Úna yọ. Ìbúra kò ṣe é dá, Tomás kò padà, Úna sì kú. Erékùṣù kan nínú adágún Lough Key ni wọ́n sin ín sí, alaalẹ́ sì ni Tomás ń lúwẹ̀ẹ́ lọ síbẹ̀ láti sùn sórí ibojì rẹ̀, títí òun náà fi kú, tí wọ́n sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní igi kan hù lórí ibojì kọ̀ọ̀kan, orí igi méjèèjì sì lọ́ mọ́ra.

Orin náà fúnra rẹ̀ kò sọ gbogbo èyí ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ohùn Tomás nìkan ni a ń gbọ́ nínú rẹ̀, ohùn ọkùnrin tí ń bá òkú sọ̀rọ̀ tí ó sì ń bá ara rẹ̀ jà. Àwọn tí wọ́n jókòó yí iná ká ti mọ ìyókù. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, orin aládùn ni yóò gbọ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò rí odò yẹn. Ìdí nìyí tí Seosamh fi máa ń sọ ìtàn kí ó tó kọrin níwájú àwọn àjèjì, òun náà sì máa ń ṣàlàyé pé nígbà tí òun bá ń kọrin, òun ń gbìyànjú láti wà ní ipò ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí, kí òun rí ohun tí ó rí.

Orin ikú odò pọ̀ láàrin wọn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí bí ikú ogun ti ń pa akíkanjú ni ikú odò ń pa òmùwẹ̀. Èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jù ni Anach Cuain, tí Raiftearaí, akéwì afọ́jú nì, ṣe fún àwọn tí ọkọ̀ dànù pẹ̀lú wọn nínú adágún Corrib ní 1828, nígbà tí wọ́n ń kó àgùntàn lọ sí ọjà Galway. Ìtàn ní àgùntàn kan ni ó tẹ pákó ọkọ̀ náà lù. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí Seosamh kọ, èyí tí ó mì mí jù ni Caoineadh na dTrí Muire, ìdárò tí àwọn Màríà mẹ́ta ń dárò Jésù ní ẹsẹ̀ àgbélébùú. Àwọn obìnrin abúlé ni wọ́n ń kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ mímọ́, ní ohùn kan náà tí wọ́n fi ń sunkún òkú ara wọn, pẹ̀lú ègbè ẹkún tí ń padà wá lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti bómi lọ ní Carna kò nílò kí àlùfáà túmọ̀ ìbànújẹ́ Màríà fún òun.

Ní 1942, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ sí Seosamh. Ó lọ sí Oireachtas, àjọ̀dún tí ẹgbẹ́ Conradh na Gaeilge dá sílẹ̀ ní 1897 láti gbé èdè náà ró, ó sì gba ẹ̀bùn kìíní nínú ìdíje orin. Ọdún náà sì ni Séamus Ennis, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ fèrè alápò fun, gun kẹ̀kẹ́ wọ Connemara lórúkọ àjọ tí ìjọba gbé kalẹ̀ fún àkójọ ìtàn àti orin ìbílẹ̀. Òun ni ó ń ti ilé dé ilé, tí ń kọ ọ̀rọ̀ àti ohùn orin sílẹ̀ lẹ́nu àwọn apẹja àti àgbẹ̀, Seosamh sì wà lára wọn. Iṣẹ́ ńlá ni Ennis ṣe, mo sì ń fi tọkàntọkàn kan sáárá sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn kò kún ikùn, ìwé tí a kọ orin ẹni sí kò sì lè san owó ilé. Lẹ́yìn ogun Hitler, Seosamh wọkọ̀ lọ sí Skọ́tílándì. Ó gbé ìyàwó níbẹ̀, ó bímọ, ṣùgbọ́n kò bá wọn gbé títí. Apá yìí nínú ìgbésí ayé rẹ̀ kò ṣeé yìn, orin dídùn kò sì lè pa á rẹ́.

Láti ibẹ̀, ó dé Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Áyálándì ti ń bá wọn kọ́lé tí wọ́n sì ń la ọ̀nà. Iṣẹ́ agbára ni òun náà ń ṣe lọ́sàn-án. Ewan MacColl àti Peggy Seeger, àwọn tọkọtaya olórin, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ sínú ẹgbẹ́ wọn, Singers’ Club, wọ́n sì jókòó tì í ní 1964, wọ́n bi í léèrè ìgbésí ayé rẹ̀ àti orin rẹ̀, wọ́n sì gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ Gael Linn ní Dublin àti Topic ní Lọ́ńdọ̀nù ti ṣe àwo orin rẹ̀. Ní Dublin pàápàá, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n padà wá di ẹgbẹ́ The Dubliners mọ̀ ọ́n, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ayé ti yí: gìtá àti ariwo ilé ọtí ni ó ń tà, Seosamh kò sì gbà kí ohun èlò kankan tẹ̀lé orin òun, bẹ́ẹ̀ ni kò fara mọ́ kí á máa sọ̀rọ̀ nígbà tí òun bá ń kọrin. Wọ́n pè é sí àjọ̀dún orin Newport ní Amẹ́ríkà ní 1965. Ó rí i pé àwọn ènìyàn dákẹ́ gbọ́ òun, ní ọdún kejì, ó kó lọ pátápátá.

Báyìí ni ó ṣe di adènà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń ṣílẹ̀kùn fún ni Merv Griffin, gbajúmọ̀ olóòtú tẹlifísọ̀n, ẹni tí ó pè é sórí ètò rẹ̀ ní ọjọ́ Pátíríkì Mímọ́, tí Seosamh fi kọrin fún gbogbo Amẹ́ríkà. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn yunifásítì gbọ́. Ó kọ́ni ní Wesleyan. John Cage, akọrinsílẹ̀ tí kò bá ti ẹnikẹ́ni lọ, fi ohùn rẹ̀ sínú iṣẹ́ rẹ̀ Roaratorio ní 1979. Ní 1982, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ ní oyè National Heritage Fellowship. Ènìyàn 15 ni ó gbà á ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, Seosamh sì wà láàrin wọn, pẹ̀lú Bill Monroe àti Lydia Mendoza. Ní ọdún náà ni Yunifásítì Washington ní Seattle sọ ọ́ di olùkọ́ wọn. Níbẹ̀, ọmọ tí kò parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ di ẹni tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń tẹ́tí sí, tí ó ń jókòó sórí àga, tí ó ń pa ìtàn kí ó tó kọrin, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní An Aird Thoir.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró ni ó pa á ní Seattle ní ọjọ́ kìíní oṣù May ọdún 1984, kò sì tíì pé ọdún 65. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ la òkun padà, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú Maíros, lẹ́bàá Carna, láàrin àwọn tí ó kọ́ ọ ní orin.

Èrò tèmi ni pé ilẹ̀ Áyálándì jẹ ọkùnrin yìí ní gbèsè. Orílẹ̀-èdè tí ó kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé Gaeilge ni èdè àkọ́kọ́ kò rí iṣẹ́ kan fún ọ̀gá nínú èdè náà ju pé kí ó lọ máa kọ́lé fún ará Lọ́ńdọ̀nù. Mo gbà pé òṣì wà nígbà náà, mo sì gbà pé Seosamh kì í ṣe ẹni tí ó rọrùn láti bá lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí, síbẹ̀ àwọn àjèjì ni ó kọ́kọ́ fún un ní àga olùkọ́. Wọ́n ti ń san díẹ̀ nínú gbèsè náà nísinsìnyí. Rédíò tí ń sọ Gaeilge nìkan bẹ̀rẹ̀ ní Connemara ní 1972, tẹlifísọ̀n tẹ̀lé e ní 1996. Àjọ̀dún kan ń wáyé ní Carna lọ́dọọdún ní orúkọ rẹ̀. Pat Collins sì ṣe fíìmù kan nípa rẹ̀ ní 2017, Song of Granite, tí ilẹ̀ Áyálándì fi dije fún ẹ̀bùn Oscar. Àwọn téèpù tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ ní Seattle wà nínú àká yunifásítì náà, àwọn ará Carna sì ti gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ orin àti ìtàn kọ̀ọ̀kan.

Ìwọ òǹkàwé tí o bá fẹ́ gbọ́ ọ, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti inú orin Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, bí ó tilẹ̀ kọ wọ́n dáradára. Wá Caoineadh na dTrí Muire. Pa rédíò, ti ilẹ̀kùn, kí o sì jẹ́ kí ọkùnrin náà kọ ọ́ dé òpin láìdá a dúró. Kò pọn dandan kí o gbọ́ èdè náà.